Ẹ Yé Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì ní Àkọ́sórí Àṣà

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní ẹ̀kọ́ kan lórí ìlera àgbáyé àti ìtọ́jú aláìsàn tí àṣà rẹ̀ yàtọ̀. Ìwé tí mo bá nílẹ̀ to àwọn ẹ̀yà ayé lẹ́sẹẹsẹ: ohun tí àwọn ará Éṣíà gbà gbọ́, ohun tí Mùsùlùmí kì í ṣe, bí àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe tí nǹkan bá ń dùn wọ́n. Àwọn ọmọ ń kọ́ ọ sórí, wọ́n sì ń yege, ṣùgbọ́n tí mo bá wò wọ́n ní wọ́ọ̀dù, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. A kò lówó tí a lè fi kó wọn lọ sí òkè òkun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tún ń sọ pé ẹ̀kọ́ yìí kò ju pé ká máa tọ́ nọ́ọ̀sì fún àwọn ilẹ̀ olówó lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ohun tí ẹ rí ní wọ́ọ̀dù yẹn kò ya èmi lẹ́nu. Ọmọ tí a kọ́ pé "àwọn ará ibí yìí máa ń ṣe báyìí" kò tíì kọ́ nǹkan kan nípa ẹni tó dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ pa ìwé tó ń to ẹ̀yà lẹ́sẹẹsẹ yẹn tì. Àìwúlò rẹ̀ nìkan kọ́ ni mo rí. Ó lè pa aláìsàn lára.

Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ní láti yọ apá kan kúrò nínú ìwé tó ṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Apá ọ̀hún ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe tí ara bá ń ro wọ́n. Ó ní àwọn Júù lè máa pariwo, kí wọ́n máa béèrè ìrànlọ́wọ́ ṣáá. Ó ní àwọn ènìyàn dúdú sábà máa ń sọ pé ìrora àwọn pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọ ogún ọdún yóò fi ìyẹn ṣe lóru ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá wọ́ọ̀dù mú. Obìnrin dúdú kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún sọ fún un pé ìrora òun ti dé 9 nínú 10. Ìwé sì ti sọ fún un pé irú àwọn obìnrin báyìí máa ń bù kún un. Yóò yọ 3 tàbí 4 kúrò lọ́kàn ara rẹ̀, yóò sì fún obìnrin náà ní oògùn tí kò tó. Kò ní mọ̀ pé òun ṣe ibi kankan. Lójú tirẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ òun ni òun ń lò.

Ìwádìí kan wà tó bá èyí mu. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà ṣe é, ó sì jáde ní ọdún 2016. Nǹkan bí ìdajì àwọn òyìnbó tí wọ́n bi léèrè, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ló gbà pé ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn irọ́ tí wọ́n ń pa nípa ara ènìyàn dúdú jẹ́ òótọ́, irú bí i pé awọ wọn nípọn ju ti òyìnbó lọ. Àwọn tó gba irọ́ wọ̀nyí gbọ́ ló tún fojú kéré ìrora aláìsàn dúdú, ìtọ́jú tí wọ́n dá lábàá kò sì péye tó ti àwọn yòókù. Ọmọ iléèwé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ tú kúrò lórí wọn ló ṣì wà níbẹ̀.

Kódà tí ohun tí ìwé sọ bá jẹ́ òótọ́, kì í sin nọ́ọ̀sì dé ibi tó ń lọ. Òótọ́ ni pé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í gba ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń yọ láti inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn Ẹlẹ́rìí náà ń gba irú oògùn bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn kì í gbà wọ́n, ẹ̀rí ọkàn oníkálukú ló ń darí rẹ̀. Òótọ́ ni pé Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀ ní oṣù Ramadan, ẹ̀sìn náà sì yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó má gbà á. Síbẹ̀, ẹ lè rí ẹni méjì tó ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ insulin, lórí ibùsùn méjì tó kọjú síra. Ọ̀kan ti pinnu láti máa jẹun. Èkejì ti pinnu láti gbààwẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí ó mọ̀ pé wọ́n máa bá òun wí. Èyí tó dákẹ́ yẹn ni kò sí nínú ìwé. Ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó dákú, kí gbogbo wọ́ọ̀dù máa sáré kiri. Ohun tí ì bá dènà rẹ̀ kò ju ìbéèrè kan tí a bi í láìdá a lẹ́jọ́ lọ: "Ṣé ẹ ní i lọ́kàn láti gbààwẹ̀? Ẹ jẹ́ ká jọ wo bí a ó ṣe to abẹ́rẹ́ yín."

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Ẹ fi ọgbọ́n ìbéèrè rọ́pò àkọ́sórí. Ẹ kọ́ wọn láti béèrè, láti mọ ohun tí àwọn fúnra wọn gbé wọ yàrá, àti láti jẹ́ kí aláìsàn jẹ́ adájọ́ iṣẹ́ wọn.

Ìmọ̀ yìí ní ìtàn, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Madeleine Leininger, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ẹ̀ka ìmọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Ní àwọn ọdún 1950, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ìrònú wọn dàrú, ó rí i pé ìtọ́jú kan náà kì í ṣiṣẹ́ bákan náà lára àwọn ọmọ tí ilé tí wọ́n ti wá yàtọ̀ síra, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó padà lọ kọ́ ìmọ̀ nípa ènìyàn àti àṣà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó lọ gbé láàárín àwọn Gadsup ní orí òkè Papua New Guinea, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara wọn. Ohun tó fi lé wa lọ́wọ́ ni pé tí àṣà aláìsàn bá pàdé ìtọ́jú wa, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: èkíní, kí a fi àṣà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kódà kí a tì í lẹ́yìn; èkejì, kí àwa àti aláìsàn jọ dúnàá-dúrà, kí oníkálukú yẹ̀ díẹ̀; ẹ̀kẹta, níbi tí àṣà náà bá ń pa á lára ní tòótọ́, kí a bá a wá ọ̀nà tí yóò fi yí i padà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀nà kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré gbà. Iṣẹ́ yín ni láti dá wọn dúró níbi èkíní àti èkejì.

Fún èkíní, ẹ mú fífi owó onírin họ ara, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Vietnam àti àwọn ará ibòmíràn ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Tí ara ọmọ bá ń gbóná, ìyá á fi òróró pa ẹ̀yìn rẹ̀, á sì fi etí owó onírin fà á léraléra títí awọ yóò fi pọ́n. Àmì rẹ̀ máa ń gùn, ó máa ń tẹ̀ lé egungun ìhà lọ́tùn-ún lósì, ó sì máa ń parẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí kò rí i rí yóò rò pé wọ́n na ọmọ náà ni, yóò ránṣẹ́ pe àwọn tó ń dáàbò bo ọmọdé, ó sì ṣeé ṣe kí ìyá náà má mú ọmọ wá sí ilé ìwòsàn mọ́. Èyí tó mọṣẹ́ yóò jókòó, yóò ní, "Kí lẹ ti ṣe fún un nílé kí ẹ tó máa bọ̀?" Yóò yẹ ara ọmọ wò bóyá awọ ya tàbí ó jóná, yóò kọ ohun tó rí àti ohun tó gbọ́ sílẹ̀, yóò sì tọ́jú ibà tó gbé wọn wá. (N kò sọ pé kí a má fura mọ́ o. Àmì tí kò bá ìtàn mu, dandan ni kí a wádìí rẹ̀, ibi yòówù kí ọmọ náà ti wá.)

Fún èkejì, ìsìnkú nígbà àrùn Ebola ni mo máa ń lò. Láàárín ọdún 2014 sí 2016, àrùn náà pa ènìyàn tó lé ní 11,000 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, púpọ̀ jù lọ ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone. Òkú ẹni tí Ebola pa máa ń ran àwọn alààyè gidigidi, bẹ́ẹ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí fẹ́ wẹ òkú wọn, wọ́n fẹ́ gbàdúrà sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ ìdáàbòbò látòkèdélẹ̀ ń gbé òkú lọ, ẹbí mìíràn kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ènìyàn wọn sí. Làwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn pamọ́ sílé, wọ́n ń sin òkú wọn ní ìkọ̀kọ̀, àrùn náà sì ń tàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún ìsìnkú tí kò léwu tó sì ní ọ̀wọ̀. Wọ́n ní kí iṣẹ́ má bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹbí fọwọ́ sí i. Kí àlùfáà tàbí ìmáàmù rí àyè gbàdúrà. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí ló kú, ọ̀nà wà láti ṣe ìwẹ̀nùmọ́ tí kò ní omi nínú. Kòkòrò àrùn náà kò yí padà, ewu rẹ̀ kò dín kù. Ohun tó yí ni pé wọ́n bi ẹbí léèrè, wọ́n sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jíròrò lórí ìtàn yìí dáadáa, kí wọ́n rí i pé ìdènà àrùn fúnra rẹ̀ kò lè rìn tí kò bá sí ọ̀wọ̀.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó kọ́ wa ní ìmọ̀ yìí, Irihapeti Ramsden ni n ó mú. Nọ́ọ̀sì Māori ni, ìyẹn ẹ̀yà tó ti wà ní New Zealand kí àwọn òyìnbó tó dé. Ó rí i pé ohun tó ń lé àwọn Māori sẹ́yìn kúrò ní ilé ìwòsàn ju pé àwọn nọ́ọ̀sì kò mọ àṣà wọn lọ. Ìtàn ìjọba amúnisìn wà níbẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ó yí ìbéèrè padà. Kò ní kí nọ́ọ̀sì lọ kọ́ nípa Māori. Ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wo ara rẹ̀, àṣà tirẹ̀, àti agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ẹni tó dùbúlẹ̀. Ẹni tó gba ìtọ́jú ni yóò sì sọ bóyá ìtọ́jú náà fi òun lọ́kàn balẹ̀ tàbí ó tẹ́ òun. Ní ọdún 1992, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní orílẹ̀-èdè náà sọ ọ́ di ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àti láàárín àwọn olóṣèlú, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́.

Ẹ lè gbé èyí wọ kíláàsì láìná kọ́bọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ojú ìwé kan nípa ilé tirẹ̀: tí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, ta ló ń pinnu ìtọ́jú? Ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún tí ìròyìn bá burú? Kí ni a kì í sọ lójú aláìsàn? Ta ló ń sùn tì í? Kí wọ́n wá pààrọ̀ ìwé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọmọ tó jókòó sórí ìjókòó kan náà yóò yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n á sì rí i pé ohun tí oníkálukú ń pè ní "bó ṣe yẹ kó rí" jẹ́ àṣà ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn náà ní àṣà tirẹ̀, ó sì le ju ti ọ̀pọ̀ ìlú lọ: a bọ́ aṣọ ènìyàn, a fún un ní tiwa, a ń fi nọ́ńbà ibùsùn pè é, a pàṣẹ wákàtí tí ọmọ rẹ̀ lè wá wò ó, a jí i ní òwúrọ̀ kùtù láti wọn ìfúnpá rẹ̀. Àjèjì ni gbogbo aláìsàn níbẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ èyí lára yóò rọrùn fún láti lóye ẹni tó jẹ́ àjèjì lọ́nà méjì.

Ní ti ìbéèrè fúnra rẹ̀, Arthur Kleinman, dókítà onímọ̀ ọpọlọ tó tún jẹ́ onímọ̀ àṣà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tò ó kalẹ̀ láti ọdún 1978. Kí ni ẹ ń pe àìsàn yìí? Kí lẹ rò pé ó fà á? Kí ló dé tó fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ yẹn? Kí ló ń ṣe nínú ara yín? Ṣé ó le, ṣé ó máa pẹ́? Irú ìtọ́jú wo lẹ rò pé ó yẹ yín? Kí lẹ ń retí pé kó tìdí rẹ̀ yọ? Kí lẹ ń bẹ̀rù jù nípa rẹ̀? Kì í ṣe pé kí ọmọ máa kà wọ́n bí ẹni ń ka fọ́ọ̀mù. Kó mọ méjì tàbí mẹ́ta lò, kó sì mọ bí a ṣe ń dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè. Ẹ wo aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru tó gbà pé ìrònú ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ òun sókè. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí ọkàn òun bá pòrúúrùú ni ọjọ́ oògùn. Tí ọkàn bá balẹ̀, oògùn wà nínú àpótí. A ti lè pariwo mọ́ ọn pé kì í lo oògùn dáadáa títí ọdún fi yí po. Ìbéèrè kejì yẹn ni yóò fi hàn wá pé ó ń lò ó bó ṣe yé e, pé òye àìsàn náà gan-an ni a ó jọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù lọ ni ọ̀rọ̀ ògbufọ̀, nítorí ibẹ̀ ni jàǹbá pọ̀ sí, àwọn iléèwé kì í sì í kọ́ ọ. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà kan tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 12, dúró tì í, ó gbọ́ èdè méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ náà bi ìyá àgbà bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara rẹ̀. Ojú ti ọmọ. Ó bi ìyá àgbà bóyá inú ń run ún. Ìyá àgbà mi orí. Ọmọ ní rárá, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹ̀jẹ̀, ó sì kọjá sí ibùsùn tó kàn. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni fẹ́ ṣe ibi, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ náà ti di irọ́.

Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2003 gba ohùn ìpàdé 13 sílẹ̀ níbi tí ògbufọ̀ ti wà láàárín òṣìṣẹ́ ìlera àti ìdílé tó gbé ọmọ wá. Àṣìṣe 396 ni wọ́n rí, ìyẹn bí 31 nínú ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Ó ju ìdajì lọ nínú wọn tó lè ṣàkóbá fún ìtọ́jú: wọ́n fo ìbéèrè nípa oògùn tí ara ọmọ kì í gbà, wọ́n sọ fún ìyá pé kó fi ìpara pa gbogbo ara ọmọ, nígbà tó jẹ́ pé ojú nìkan ni dókítà wí. Àṣìṣe àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ ló léwu jù.

Bí mo ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Àga mẹ́ta, kì í ṣe méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ èdè tí àwọn yòókù kò gbọ́ ni yóò ṣe aláìsàn, ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ yóò ṣe ògbufọ̀. Nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ níta fún ìṣẹ́jú kan, yóò sọ ohun tí ìpàdé dá lé, yóò ní kó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ bó ṣe jáde, kó má fi kún un, kó má yọ níbẹ̀. Tí wọ́n bá wọlé, ojú aláìsàn ni yóò máa wò, òun ni yóò máa bá sọ̀rọ̀: "Ibo ló ń dùn yín?", kì í ṣe "Bi í pé ibo ló ń dùn ún." Gbólóhùn kan tàbí méjì, kó dúró. Ní ìparí, aláìsàn yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó yé e nípa oògùn náà, ìgbà tí yóò lò ó, àti ohun tó lè mú kó padà wá kíákíá. Ìgbà àkọ́kọ́ máa ń rí wúruwùru: ojú ògbufọ̀ ni wọ́n máa ń wò ṣáá, aláìsàn á di ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣe aláìsàn sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò wọ̀ wọ́n lára ju àlàyé olùkọ́ lọ. Ní ti ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè lórí fóònù, ó dára láti fi béèrè bóyá aláìsàn fẹ́ omi. Mi ò ní gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mi fi gba àṣẹ iṣẹ́ abẹ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣà nìkan. Ara tí a ń tọ́jú pẹ̀lú yàtọ̀ ní àwọ̀, àwòrán tó kún inú ọ̀pọ̀ ìwé sì jẹ́ ti awọ funfun. Wọ́n kọ́ ọmọ pé egbò ìdùbúlẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pípọ́n awọ. Lára ẹni tó dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá. Kó fi ọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná tàbí ó tutù ju àyíká rẹ̀ lọ, ṣé ó le tàbí ó rọ̀, ṣé ó ń dùn ún? Tó bá ń wá àmì pé afẹ́fẹ́ kò tó, kó wo inú ètè àti ahọ́n. Tó bá ń wá àmì pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, kó wo abẹ́ ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn náà kò ṣeé gbára lé tán. Ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún 2020 fi hàn pé ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń sọ pé ọ́síjìn tó, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé kò tó, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta lára aláìsàn dúdú ju lára aláìsàn funfun lọ. Ẹni tó ń mí gúlegúle, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì dára, ẹ gba ti ara rẹ̀ gbọ́.

Nípa lílọ sí òkè òkun, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ọmọ tó lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì máa ń padà pẹ̀lú fọ́tò àti ìdánilójú, èyí kejì sì ni mo ń bẹ̀rù. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ṣe níbẹ̀ ohun tí òfin kò ní gbà fún wọn nílé, wọ́n á rán egbò, wọ́n á gbẹ̀bí, tí àwọn nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n lálejò yóò sì fi iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti máa ṣọ́ wọn. Ohun tó lérè jù ni kí ẹ wá iléèwé kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn, kí kíláàsì méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ lórí aláìsàn kan ṣoṣo láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún wọn ní baba àgbàlagbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tó fẹ́ padà sílé. Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ta ló ń san owó oògùn? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ oògùn fún un, ṣé nọ́ọ̀sì lè ṣe é? Ìdáhùn méjèèjì yóò yàtọ̀ pátápátá, àwọn ọmọ yóò sì rí i pé ètò ìlera orílẹ̀-èdè náà ń darí ìtọ́jú bí àṣà ṣe ń darí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olùwá-ibi-ìsádi, àwọn àtìpó àti àwọn tí kò gbọ́ èdè ìjọba wà nítòsí gbogbo iléèwé nọ́ọ̀sì láyé. Ẹ rán àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Ìlera àgbáyé kì í sì í ṣe àrùn ilẹ̀ jíjìn nìkan. Nǹkan bí ikú mẹ́ta nínú mẹ́rin láyé lónìí ló ń ti ọwọ́ àwọn àrùn tí kì í ràn wá: àrùn ọkàn, jẹjẹrẹ, àtọ̀gbẹ, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ kó hàn nínú ohun tí ẹ ń kọ́ wọn.

Sí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó ń sọ pé ẹ ń tọ́ nọ́ọ̀sì fún ilẹ̀ olówó: ohun tó ń kọ wọ́n lóminú kì í ṣe nǹkan kékeré, ẹ má fojú di í. Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2025 sọ pé nọ́ọ̀sì tó wà láyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 30, pé bí i mílíọ̀nù 5.8 ló ṣì kù kí ó tó, àti pé ọ̀kan nínú nọ́ọ̀sì méje ni wọn kò bí sí orílẹ̀-èdè tó ti ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2010 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí ìlànà kan ní Àjọ náà, pé kí àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ ìlera láti ilẹ̀ mìíràn má ṣe sọ ilẹ̀ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó di ahoro, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹni tí wọ́n gbà bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ onílẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìlànà yẹn pẹ̀lú, kí wọ́n mọ bí a ṣe ń ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ kí a tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ láé náà yóò tọ́jú ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀, èdè rẹ̀ tàbí ipò rẹ̀ láwùjọ yàtọ̀ sí tirẹ̀, bóyá lọ́la òde yìí. Òun ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn tí mo bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ó ku ìdánwò, nítorí ohun tí a bá dán wò ni àwọn ọmọ ń kọ́. Ẹ yọ ìbéèrè "dárúkọ ohun márùn-ún tí ẹ̀yà báyìí kì í ṣe" kúrò. Ẹ gba ènìyàn kan láti ṣe aláìsàn, ẹ kọ́ ọ ní ìtàn kan tí kò ní sọ àyàfi tí wọ́n bá bi í dáadáa: bóyá ó ti ń lo àgbo kan pẹ̀lú oògùn, tàbí kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò, tàbí kò lè gba oògùn tí wọ́n fi ara ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. (Heparin tí a ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kò sì mọ̀.) Ìdajì máàkì wà lọ́wọ́ yín, ìdajì wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe aláìsàn. Ẹ bi í pé: ṣé ó bá ọ sọ̀rọ̀, àbí ó bá ìwé ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀ tó láti sọ pé rárá? Ṣé ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí jẹ́ ohun tí o lè ṣe nílé? Lórí ìwé tí ẹ máa fún akẹ́kọ̀ọ́ kó tó wọlé, ẹ kọ orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tó gbé e wá. Ẹ má kọ ẹ̀yà, ẹ má kọ ẹ̀sìn. Ìṣẹ́jú 15 ni mo máa ń fún wọn. Ìṣẹ́jú 5 kò tó fún ẹni tí yóò jókòó, tí yóò kí ògbufọ̀, tí yóò sì dúró gbọ́ ìdáhùn.